Ìbéèrè lórí phentermine fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìlera. Ìlú Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Dókítà kan kọ phentermine, oníwọ̀n mílígíráàmù 37.5, fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí ó lè dín sísanra kù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í bóyá ó ń lo oògùn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ó ti ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Lóòótọ́, oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, títí kan àmàlà tí kì í fi ṣeré. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń gbẹ, kì í rí oorun sùn lóru, ó sì ní àyà òun ń lù kì-kì-kì.

Mo mọ̀ pé láti ọdún 1959 ni wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn yìí ní Amẹ́ríkà, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré, àti pé ó lè mú kí ọkàn sáré kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì lọ sókè. Fenfluramine, oògùn mìíràn tí wọ́n máa ń lò pọ̀ mọ́ ọn nígbà kan, ni wọ́n kó kúrò lórí àtẹ ní 1997 nítorí ìpalára tí ó ń ṣe fún ọkàn.

Ǹjẹ́ ó yẹ kí ó máa lò ó lọ, bí amlodipine tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó lè dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, àbí díẹ̀díẹ̀ ni? Àyẹ̀wò wo ni kí a béèrè fún, yàtọ̀ sí ti bí ọkàn ṣe ń lù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ àgbo fún mi. Ìyẹn kò wọ́n wa lọ́jà Ìgbọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ó dá mi lóhùn.