Smart board fún kíláàsì JSS 3: ṣé ká rà á, àbí ká fi owó yẹn ṣe nǹkan míì?

TíṣàMáàsì_Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi. Máàsì ni mò ń kọ́ àwọn JSS nílé ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn níbí. Ọ̀gá tó ni ilé ìwé lọ rí smart board, pátákó oníná tí wọ́n ń fọwọ́ kàn bíi fóònù, níbì kan, látìgbà yẹn ojú wọn ò gbébì kan mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ gbé ẹyọ kan sí JSS 3 kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé, wọ́n wá ní kí n lọ wádìí èyí tó dáa. Mo mọ̀ pé tí nǹkan yẹn ò bá ṣiṣẹ́, èmi ni wọ́n máa bi. Iná àdúgbò wa ẹ mọ bó ṣe ń ṣe, jẹnẹrétọ̀ tá a ní, ọ́fíìsì nìkan ló ń gbé. Èwo ni ká rà, ti prójẹ́kítọ̀ ni àbí èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n ńlá? Tá a bá sì gbé e dé, kí lèèyàn ń fi ṣe gan-an yàtọ̀ sí ká máa fi fídíò han àwọn ọmọ?

Wáyàmáànù_Èkó:
Ọ̀gá tíṣà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn. Ẹ fi ti prójẹ́kítọ̀ sílẹ̀ jàre. Gílóòbù inú ẹ̀ máa ń kú, owó tuntun sì máa ń dunni, eruku ọyẹ́ á dí ibi tó ti ń gba atẹ́gùn, tẹ́nì kan bá wá fara gbá a pẹ́nrẹ́n, ibi tẹ́ ẹ fọwọ́ kàn á yàtọ̀ síbi tí ìlà máa yọ sí, ẹ tún gbọ́dọ̀ dúró tún un tò kẹ́ ẹ tó máa kọ́ni lọ. Èyí tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n yẹn ò ní wàhálà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti ní Android nínú, láìsí laptop pàápàá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n kọ iye wáàtì síbẹ̀, ẹ wá inverter àti bátìrì tó máa gbé e dọ́pin ọjọ́ ilé ìwé. Ẹ má gbé e lé jẹnẹrétọ̀ lásán o, iná tó bá ń lọ sókè sódò, bọ́ọ̀dù ló máa fi gbá. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ kó gbogbo mákà kúrò ní kíláàsì yẹn. Mo rí tíṣà tó ti mọ́ lára, tó fi mákà tí kì í parẹ́ kọ "Date" sójú bọ́ọ̀dù, ni wọ́n bá ní àwọn ń fi pẹtiróòlù nù ún! Ojú ẹ̀ ṣì rí bátabàta dòní.

ÌyáÌbejì_Peckham:
Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n bomi tútù sí i díẹ̀. London ni mo ti ń ṣe tíṣà. Ìjọba náwó gidi kó bọ́ọ̀dù yìí sáwọn sẹ́kọ́ńdírì London ní 2003 sí 2004, fún English, máàsì àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn olùwádìí Institute of Education, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní London, wá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí i kó gbé máàkì àwọn ọmọ sókè lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n rí ohun kan témi náà ń rí ní kíláàsì mi: tẹ́ ẹ bá ń pe ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan wá fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, ẹnì kan ń ṣe, àwọn yòókù ń wòran, ẹ̀kọ́ á wá máa fà bí ìgbín. Èmi kì í pe ọmọ jáde mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń gbé ìbéèrè sójú bọ́ọ̀dù, gbogbo wọn á kọ ìdáhùn sórí síléètì kékeré ọwọ́ wọn, wọ́n á gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí ò yé. Ibi tí bọ́ọ̀dù yẹn ti wúlò fún mi jù ni pé mo lè pa iṣẹ́ àná mọ́ kí n ṣí i lónìí, mi ò ní tún gbogbo ẹ̀ kọ.

OmoOsun:
Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan yín ra dátà oṣooṣù. Ṣé ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013 láyé Arẹ́gbẹ́ṣọlá? Ìwé àti past question ti wà nínú ẹ̀, ọmọ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó kàwé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wa GeoGebra sílẹ̀ (download), áàpù tí wọ́n fi ń ya àwòrán máàsì ni, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ya igun mẹ́ta síbẹ̀, ẹ wá máa fa orí ẹ̀ kan kiri, iye igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa yí lójú wọn àmọ́ àpapọ̀ ẹ̀ ò ní kúrò ní 180. Gíráàfù y = mx + c náà ńkọ́, ẹ yí m, ìlà á ga tàbí kó tẹ̀, ẹ yí c, á gùn sókè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ tó ya ìkẹta aago ti lù. Ẹ sọ fún tíṣà Basic Science yín nípa PhET, àwọn àṣefihàn sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà ló ni ín, Carl Wieman tó gba Nobel nínú físíìsì ló dá a sílẹ̀ ní 2002, ọmọ lè so bátìrì mọ́ gílóòbù lójú ẹ̀ láìjó nǹkankan. Ó ṣeé wà sílẹ̀ bákan náà. Prójẹ́kítọ̀ lásán àti laptop náà lè ṣe gbogbo èyí o, ẹ má pa mí.

TíṣàMáàsì_Ìbàdàn:
Ẹ ṣé gan-an. Inverter ni mo máa kọ́kọ́ gbé lọ bá ọ̀gá, tí wọn ò bá gbà, a ó máa bá ṣọ́ọ̀kì wa lọ. Mà, síléètì yẹn ńkọ́, ibo ni mo ti fẹ́ rí ogójì?

ÌyáÌbejì_Peckham:
Ẹ má ra nǹkankan. Ẹ ki bébà A4 funfun bọ náílọ́nù fáìlì tó mọ́lẹ̀ kedere, mákà pátákó á parẹ́ lára ẹ̀ dáadáa, kí kálukú mú àkísà kékeré wá látilé.

Wáyàmáànù_Èkó:
Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ lọ kan ògiri yẹn wò. Tó bá jẹ́ pákó ni wọ́n fi pín kíláàsì, kò lè gbé e, ẹ lo èyí tó ní ẹsẹ̀ àti táyà.