Ìpàdé ìtàn ogun tí mo lọ ní mùsíọ́ọ̀mù àwọn sójà ní Fort Belvoir

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Virginia, Maryland àti Washington, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yọjú sí mùsíọ́ọ̀mù ńlá tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ṣí ní Fort Belvoir ní 2020. Wọ́n máa ń pe àwọn òpìtàn wá bá ará ìlú sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ sójà níbí, ni wọ́n mú mi lọ. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ tó o fẹ́ràn ìtàn tó báyìí, èyí ò gbọdọ̀ kọjá ẹ."

Ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1775 sí 1783, ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lé. Kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ sójà ayé ọjọ́un gbé ìbọn jáde. Àwòṣe ni, ṣùgbọ́n ṣakabùlà pọ́nńbélé ni lójú mi. Ó fi eyín ya bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀tù, ó ṣe bí ẹni ń bu díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn níbi tí òkúta ti ń ṣáná, ó wá ṣe bí ẹni da ìyókù sí ẹnu ìbọn náà, ó sì fi ọ̀pá irin kì í títí dé ìsàlẹ̀. Ó ní sójà tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó gbé e fún mi, apá mi mọ̀ ọ́n. Ẹ wá ro ti ẹni tó gbé irú ẹ̀ rìn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, tí ebi sì ń pa á.

Òpìtàn tó wá sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì, kò pẹ́ lórí àwọn ọ̀gágun. Ọ̀rọ̀ Lord Dunmore ló gbé síwájú wa. Òun ni gómìnà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi sí Virginia. Nígbà tí nǹkan gbóná, ó sá kúrò láàfin rẹ̀ ní Williamsburg, inú ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣèjọba. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá 1775, ó fọwọ́ sí ìkéde kan: ẹrú èyíkéyìí tó jẹ́ ti àwọn ọlọ̀tẹ̀ (ìyẹn àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń bá ọba jà), tó bá lè gbé ìbọn, tó sì fẹ́ jà fún ọba, ó ti di òmìnira. Ẹ má rò pé àánú ló ṣe é o. Òun alára ní ẹrú. Ẹrú àwọn tó ń gbe ọba lẹ́yìn kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ọmọ ogun ló ń wá.

Síbẹ̀, àwọn èèyàn sá lọ bá a, tọkùnrin tobìnrin. Láàárín oṣù kan, nǹkan bí 300 ọkùnrin ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó pè ní Ethiopian Regiment. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọlu àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Great Bridge, nítòsí Norfolk, ìjà náà kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi borí àwọn ọmọ ogun Dunmore. Ohun tó mú mi lọ́kàn ni pé aláwọ̀ dúdú wà níhà kejì náà. William Flora, tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, wà lára àwọn tó ń ṣọ́ afárá fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti padà sẹ́yìn, òun ṣì dúró, ó ń yìnbọn léraléra. Ẹnì kan ń jà kí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí lè dá dúró, ẹnì kejì ń jà kí ọrùn rẹ̀ lè bọ́. Èmi ò lè dá ìkankan lẹ́bi nínú wọn.

Ìbọn kọ́ ló wá pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn Dunmore. Ṣànpọ̀nná ni. Nígbà tó kó ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní erékùṣù Gwynn's Island ní oṣù Keje 1776, òkú àti aláìsàn ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ bá káàkiri ilẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí, wọ́n ní, "Olúwa ò!"

Ibi tí mo ti nawọ́ sókè nìyí. Òpìtàn náà ti dárúkọ ọkùnrin kan, Harry, ọmọ Áfíríkà tó jẹ́ ẹrú George Washington fúnra rẹ̀, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀, ní Mount Vernon, ilé àti oko rẹ̀, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí rárá. Harry sá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì ní 1776. Mo béèrè pé ibo ló já sí. Ó ní nígbà tí ogun parí ní 1783, Washington ní kí Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn ẹrú tó sá padà fún olówó wọn, Guy Carleton tó jẹ́ ọ̀gá Gẹ̀ẹ́sì ní New York sì kọ̀ jálẹ̀. Orúkọ nǹkan bí 3,000 èèyàn ni wọ́n kọ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọkọ̀. Harry wà níbẹ̀: ọmọ ọdún 43, géńdé dáadáa, ti Ọ̀gágun Washington ni tẹ́lẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀ láti ọdún méje. Ó dé Nova Scotia, ní Kánádà òní, níbi tí òtútù àti àìrílẹ̀ dá wọn lágara. Ní 1792, òun àti nǹkan bí 1,200 èèyàn wọkọ̀ padà sí Áfíríkà, wọ́n sì tẹ Freetown dó ní Sierra Leone. Kódà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó tún wà lára àwọn tó dìde ní 1800, ni wọ́n bá lé e kúrò nílùú.

Bí mo ṣe gbọ́ Freetown, n kò lè jókòó mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Mo sọ fún wọn pé ìlú yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọ Òṣogùn kan, Àjàyí, sọ̀kalẹ̀ sí ní 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á nínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ó di Samuel Àjàyí Crowther, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Àwọn Sàró tó ti ibẹ̀ padà wá sí Badagry, Abẹ́òkúta àti Èkó wà lára àwọn tó mú ilé ìwé wọ ilẹ̀ wa. Òpìtàn náà ní kí n pe Òṣogùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá aláwọ̀ funfun kan tó jagun ní Vietnam wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé, ó ní itòsí Mount Vernon lòun ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́, òun ò gbọ́ nípa Harry rí.

Ìwé orúkọ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Nova Scotia ló gbé e síbẹ̀. Ẹ wá Harry níbẹ̀, kí ẹ sì ka orúkọ àwọn obìnrin àti ọmọdé tó yí i ká.

Ogun 1812, tí Amẹ́ríkà tún bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ni mo ń kà nípa rẹ̀ báyìí: àwọn ẹrú Maryland àti Virginia tó sá lọ bá Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n di Colonial Marines, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n wà lójú ogun ní Bladensburg, ní Maryland, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 1814, tí Gẹ̀ẹ́sì sì wá fún wọn nílẹ̀ ní Trinidad. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó jẹ́ àti ohun tí ẹ gbọ́ fún wa.