Ọkọ̀ oníná: ṣé orí máìlì ló yẹ kí owó-orí wà, àbí orí iná tí a ń rà?

Baba Tọ́pẹ́ (Peckham)

Mo kí gbogbo ilé. Takisí ni mo ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ oníná ni mo sì ń lò, nítorí pé láti oṣù kìíní ọdún 2023 ni àṣẹ ti wà pé takisí aládàáni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ lè rìn láìyọ èéfín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Rachel Reeves, Mínísítà Ètò Ìṣúná, kéde pé láti oṣù kẹrin ọdún 2028 ni ọkọ̀ oníná yóò máa san pẹ́ńsì 3 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ tó ń lo epo tó sì tún ń gba iná láti ara wáyà yóò máa san ìdajì rẹ̀. Mo gbà pé ojú títì kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí wọn kò fi gba owó náà lórí iná tí a ń rà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń gbà á lórí epo, kí ẹni tó bá lo púpọ̀ san púpọ̀. Inú ilé alájà púpọ̀ ni mo ń gbé, n kò ní ọgbà tí mo lè fa wáyà sí, ibùdó ìgbaná ìta nìkan ni mo gbójú lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ kó là mí lọ́yẹ̀.

Olùṣirò Owó (Milton Keynes)

Ẹ kú iṣẹ́, Baba Tọ́pẹ́. Ọ̀nà tí epo ń gbà dé ọjà kò pọ̀. Ní ilé ìfọpo àti ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí ni ìjọba ti ń gba owó-orí rẹ̀ kí ó tó dé ilé epo rárá, pẹ́ńsì 52.95 lórí lítà kan láti oṣù kẹta ọdún 2022, ìwọ̀nba ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló sì ń san án sí àpò ìjọba. Ti iná kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà kan náà ló ń ka iná tó se ìrẹsì, èyí tó lọ aṣọ àti èyí tó wọ inú ọkọ̀. Bí wọ́n bá pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ní mítà tirẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ sanwó yóò kàn fa wáyà láti inú ilé ìdáná ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ epo tó ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù kan ń san nǹkan bíi pẹ́ńsì 6 owó-orí epo lórí máìlì, láìtíì ka VAT (owó-orí orí ọjà) mọ́ ọn. Ìdajì rẹ̀ ni wọ́n ní kí ẹ̀yin san. Bí ọkọ̀ yín bá ń rin máìlì mẹ́ta àbọ̀ lórí yúnìtì iná kan, wọ́n ní láti fi pẹ́ńsì 10 àti ààbọ̀ kún owó yúnìtì náà kí wọ́n tó lè rí pẹ́ńsì 3 yẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń ta iná òru fún ọkọ̀ ní iye tí kò tó pẹ́ńsì 10. Owó-orí yóò ju owó ọjà lọ, ẹni tó sì ń fi oòrùn pèsè iná lórí òrùlé rẹ̀ kò ní san nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ ti máìlì. Nínú ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀, ẹ ó ṣírò iye máìlì tí ẹ rò pé ẹ ó rìn lọ́dún, ẹ lè pín owó rẹ̀ san pẹ̀lú owó ọkọ̀ ọdọọdún, wọn yóò sì wo aago máìlì nígbà MOT, ìyẹn ìdánwò ọkọ̀ ọdọọdún. Wọn kò ní fi ẹ̀rọ tó ń tọpa ibi tí ọkọ̀ ń lọ sí i, mo sì gbóríyìn fún wọn lórí ìyẹn.

Àdùkẹ́ (Des Moines)

Baba, ohun tí ẹ ń béèrè ti wà lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Iowa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n ti ń gba sẹ́ǹtì 2.6 lórí yúnìtì iná kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbà níta. Iná tí onílé bá gbà nínú ilé rẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin náà. Gbogbo ọkọ̀ oníná ló sì ń san dọ́là 130 lé owó ìwé ọkọ̀ lọ́dọọdún, yálà ilé ni ẹ ti ń gba iná tàbí ìta. Ayálégbé ni èmi, nítorí náà méjèèjì ni mo ń san. Kò dára. Oregon, ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gba owó-orí lórí epo ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1919, ti ń fi owó máìlì lọ ẹni tó bá fẹ́ ẹ láti ọdún 2015, mo sì rò pé ọ̀nà tiwọn sàn ju tiwa lọ.

Ìyá Ìbejì (Salford)

Ẹ má gbàgbé àwọn epo yòókù. Níbí, ẹni tó bá ń fi òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan ṣe epo fún ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kò ní san owó-orí bí kò bá ti ju lítà 2,500 lọ lọ́dún. Bí ìjọba bá lè yọ̀ǹda ìwọ̀n kan fún ẹni bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn kò lè yọ̀ǹda máìlì díẹ̀ fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ jẹun?

Olùṣirò Owó (Milton Keynes)

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù ń bà mí pé ìyọ̀ǹda yóò sọ ọ̀rọ̀ di ta ni takisí, ta ni kì í ṣe takisí. Ohun tí Àdùkẹ́ sọ ló ká mi lára, nítorí pé irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa lábẹ́ orúkọ mìíràn. VAT iná ilé jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ibùdó ìta jẹ́ 20. Bí Baba Tọ́pẹ́ bá ra yúnìtì kan ní pẹ́ńsì 72, pẹ́ńsì 12 ti bá VAT lọ nínú rẹ̀, bí a bá sì pín in sí máìlì mẹ́ta àbọ̀, ó ti ju pẹ́ńsì 3 lọ lórí máìlì kan kí ọdún 2028 tó dé. Ẹni tó ń gba iná òru nínú ọgbà rẹ̀ ní pẹ́ńsì 8 ń san VAT tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá pẹ́ńsì kan lórí máìlì. Tí wọ́n bá wá fi pẹ́ńsì 3 lé ti àwọn méjèèjì, owó-orí Baba yóò ju ìlọ́po méjì ti onílé lọ lórí ojú títì kan náà. Owó iná rẹ̀ gan-an, tó lé ní pẹ́ńsì 20 lórí máìlì, ti ju owó epo ọkọ̀ tí mo ṣírò lókè lọ. Bí lítà epo bá tiẹ̀ jẹ́ pẹ́ńsì 140, máìlì kan kò tó pẹ́ńsì 16. Mo ti kọ̀wé sí aṣojú àdúgbò wa ní ilé aṣòfin pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ VAT ibùdó ìta di 5 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ka máìlì, mo sì rọ ẹ̀yin náà tí ẹ ń gbé ilé alájà púpọ̀ láti kọ tiyín.