False Bay lóṣù Keje: ibo ni kí n ti kọ́kọ́ mòòkùn?

Ọmọ Odò kọ ọ́ pé:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Cape Town lóṣù Keje, mo sì ti tọrọ ọjọ́ mélòó kan mọ́ ọn kí n lè wọ omi ní False Bay. Òkun Pupa ní Íjíbítì ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn, ibẹ̀ náà ni mo ti gba Open Water, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìmòòkùn. Omi tibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ó sì mọ́ gaara. Mi ò tíì wọ omi tútù rí, mi ò sì tíì fojú kan kelp, ewéko òkun gíga yẹn.

Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n rì sí Smitswinkel Bay ló fa ọkàn mi jù. Mo tún gbọ́ pé ẹja àkurakùdà tí wọ́n ń pè ní sevengill máa ń pọ̀ lẹ́bàá Miller's Point. Ṣé kí n ti sanwó ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀ báyìí? Ibo lẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀ máa kọ́kọ́ mú mi lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Àǹtí Etíkun dáhùn pé:

Àbúrò, oṣù tó dáa lo mú. Ṣùgbọ́n má tíì sanwó Smitswinkel. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ fún ọ, torí afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ohun gbogbo níbí.

Gúúsù ni ẹnu False Bay kọ sí. Etí rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, láti Simon's Town lọ dé Smitswinkel, ni ọ̀pọ̀ ibi tí à ń mòòkùn wà, òkè Cape Peninsula sì wà lẹ́yìn wọn. Nígbà òtútù, afẹ́fẹ́ àríwá-ìwọ̀-oòrùn máa ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ bọ́ sórí omi. Omi á tẹ́ pẹrẹsẹ, ìdọ̀tí á rọlẹ̀, wàá lè rí ohun tó jìnnà sí ọ ní mítà 10, ìgbà míì ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, ó ń wọlé tààrà, ó sì ń ru gbogbo ẹ̀ sókè. Ìgbà yẹn làwa máa ń kó àgbá afẹ́fẹ́ wa lọ sí etí Atlantic lódìkejì òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ kan náà ti ń gbá omi òkè kúrò tí omi tútù tó mọ́ á sì gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ fún ọ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn pé ibi báyìí lẹ máa wọ omi lọ́jọ́ Sátidé, mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tá a bá ti dúró létí òkun tá a sì wo ìgbì, la máa ń mú ibi.

Èmi, A-Frame ni màá kọ́kọ́ mú ọ lọ. Ó wà láàárín Simon's Town àti Miller's Point, ẹ ò nílò ọkọ̀ ojú omi, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì ni. Àpáta ńlá méjì fara ti ara wọn lábẹ́ omi, àyè sì wà láàárín wọn tí èèyàn lè gbà kọjá. Ibẹ̀ ò jìn rárá, àgbá rẹ á sì pẹ́ kó tó tán. Kelp wà yí i ká, èyí tí wọ́n ń pè ní Ecklonia maxima: igi rẹ̀ nihò nínú bí oparun, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló gbé e dúró ṣánṣán láti ilẹ̀ dé ojú omi. Tí oòrùn bá yọ, ìmọ́lẹ̀ á máa gba àárín ewé wọlé, ẹja hottentot á sì máa rọ́ kọjá lókè orí rẹ. Mo ti mòòkùn lọ́pọ̀ ibi, mi ò tíì rí ohun tó fún mi láyọ̀ bẹ́ẹ̀ níbòmíì.

Rọra máa wo abẹ́ àpáta. Wàá rí ẹja roman, pupa fòò, funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Abo ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń jẹ́, àwọn kan á wá di akọ tí wọ́n bá dàgbà. Wàá rí pyjama shark tó nílà dúdú gbọọrọ, ó ń sùn nínú ihò. Wàá tún rí puffadder shyshark, kò gùn ju apá rẹ lọ. Tí ẹ̀rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ róbótó, á sì fi ìrù bo ojú. Mo bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án nítorí pé o fẹ́ rí i. Kódà má ṣe gbé àwọn urchin ẹlẹ́gùn-ún kúrò nílẹ̀: abẹ́ ẹ̀gún wọn ni àwọn ọmọ perlemoen, ìgbín òkun tí wọ́n ń jẹ, ń sá pamọ́ sí, àwọn olè apẹja ò sì tíì jẹ́ kí perlemoen sinmi ní etíkun yìí.

Bàbá Ọkọ̀ Rírì dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ Àǹtí dáa, àmọ́ kò yẹ kí ọmọkùnrin yìí wá láti ọ̀nà jíjìn kó má rí ọkọ̀ kankan. Ọkọ̀ márùn-ún ló wà ní Smitswinkel, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì wọ́n síbẹ̀ ni. Méjì jẹ́ ọkọ̀ ogun, SAS Transvaal àti SAS Good Hope, tí wọ́n rì ní 1978. Méjì jẹ́ ọkọ̀ apẹja, ìkarùn-ún, Rockeater, jẹ́ ọkọ̀ tó ń wa dáyámọ́ńdì nísàlẹ̀ òkun. Ara irin wọn ti di ilé fún àwọn ẹ̀dá òkun bíi soft coral àti sea fan. Ṣùgbọ́n wọ́n jìn, nǹkan bíi mítà 30 sí 35. Open Water ò gbé ọ kọjá mítà 18.

Tí o bá lè ṣe Advanced, ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé Open Water, kí o tó dé, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAS Pietermaritzburg lẹ́bàá Miller's Point. Ó wà ní nǹkan bíi mítà 22. HMS Pelorus ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó ń kó àdó olóró kúrò lójú omi nígbà tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí Normandy ní 1944. Wọ́n tà á fún Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn ogun, 1994 ni wọ́n sì rì í. Ó ti ń wó lulẹ̀ báyìí. Má wọ inú ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kó o máa wò.

Ìyá Ẹja dáhùn pé:

Lórí sevengill: Pyramid Rock ni ibi tí wọ́n ń pé jọ sí, láàárín kelp. Láti 2015 la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí òkú wọn nísàlẹ̀, ikùn ya, ẹ̀dọ̀ ti lọ. Orca, ẹranko ńlá inú òkun tó ń pa ẹran jẹ, ló ń ṣe é. Àwọn méjì tí wọ́n sọ ní Port àti Starboard, tí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn ọ̀kan tẹ̀ sósì, ti ìkejì sì tẹ̀ sọ́tùn-ún, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó kù sá kúrò. Má ṣe torí wọn wá o, ó ń dun èmi náà. Tó o bá fẹ́ ẹran tó máa bá ọ ṣeré, àwọn seal wà ní Partridge Point. Wọ́n á máa fẹyín gé lẹ́bẹ́ ẹsẹ̀ rẹ jẹ́jẹ́. Dúró jẹ́ẹ́, kí o jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn wá bá ọ.

Ọmọ Odò kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti fi Smitswinkel sílẹ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ohun méjì ló ń bà mí lẹ́rù: òtútù, àti pé kelp lè so mí lẹ́sẹ̀.

Àǹtí Etíkun dáhùn pé:

Inú mi dùn pé o béèrè. Lóṣù Keje, omi máa ń wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 13 sí 15 lórí Celsius. Aṣọ rọ́bà tó nípọn mílímítà 7 ni kó o yá, pẹ̀lú fìlà, ìbọ̀wọ́ àti bàtà rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fún ọ lèyí tó tóbi jù, torí omi á máa wọlé, á máa jáde, òtútù á sì mú ọ kó o tó rí nǹkan kan. Aṣọ tó nípọn ń léfòó, nítorí náà òjé tí wàá so mọ́ ìdí á pọ̀ ju ti Íjíbítì lọ. Dán an wò ní Long Beach, ní Simon's Town, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyanrìn tí omi ò sì jìn, kó o tó tẹ̀ lé mi lọ sí A-Frame. Òtútù ń jẹ́ kéèyàn tètè mí afẹ́fẹ́ tán, wo géèjì rẹ léraléra.

Ní ti kelp: tó bá mú ọ, má yí po, má jà. Dúró, padà sẹ́yìn díẹ̀, máa wo ẹnìkejì rẹ. Wàyà àti okùn tó ń tú yẹ́yẹ́ lára ló sábà ń kọ́ ọ, nítorí náà di gbogbo rẹ̀ mọ́ ara kó o tó wọ omi. Fi afẹ́fẹ́ tó pọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kó o lè gba abẹ́ rẹ̀ padà, torí láti máa wọ́ ara lórí ewé rẹ̀ lójú omi máa ń tán èèyàn lágbára.

Gbogbo ibi tá a dárúkọ yìí wà nínú ààbò òkun Table Mountain National Park tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 2004. O gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìmòòkùn. Tí ara rẹ bá ti mọ omi náà, a ó lọ sí Castle Rocks, níbi tí wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni pẹja, kó o rí bí roman ṣe ń tóbi tó tí wọn ò bá fi ìwọ̀ fà á jáde.

Ohun kan kù: tó o bá páàkì sí Miller's Point, ti ilẹ̀kùn mọ́tò pa, má sì fi oúnjẹ sílẹ̀ níbi tó hàn. Àwọn baboon ibẹ̀ mọ ìlẹ̀kùn ṣí. Fi ọjọ́ tó o máa dé ránṣẹ́ sí mi, màá máa wo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ dè ọ́.