“Onípele-púpọ̀” kọ́, ẹ̀rí oríṣi-méjì ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Orúkọ Yorùbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí, tí a fẹ́ dìbò lé lórí, fún ètò ààbò tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní multi-factor authentication, ìyẹn kí àkáǹtì béèrè ju ẹ̀rí kan lọ kó tó jẹ́ kéèyàn wọlé. Àwọn kan ní “ìfàṣẹsí”, àwọn kan ní “ìjẹ́rìísí onípele-púpọ̀”, ẹ̀gbọ́n wa kan sì dábàá “àrokò ìwọlé” fún nọ́ńbà tí wọ́n máa ń ní ká tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ìfàṣẹsí” ò gba àríyànjiyàn púpọ̀. Àṣẹ ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ni àkáǹtì ń béèrè nígbà tí èèyàn bá kan ìlẹ̀kùn: ṣé ẹ̀yin gan-an ni? Ìgbà tí wọ́n bá ti mọ̀ yín tán ni ọ̀rọ̀ àṣẹ tó délẹ̀, ìyẹn bóyá ẹ lè fi owó ránṣẹ́ tàbí ẹ lè pa fáìlì rẹ́. Bí a bá ná “ìfàṣẹsí” sórí ti àkọ́kọ́, kí la fẹ́ pe ìkejì?

“Onípele-púpọ̀” ló le jù láti bá jà, torí ó dùn-ún gbọ́, àwọn iléeṣẹ́ ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Google àti WhatsApp, “ìgbésẹ̀ méjì” ni wọ́n ń pe tiwọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ká ní ojú-ìwé kan gba ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ yín, ó tún wá bi yín ní orúkọ ìdílé tí wọ́n bí ìyá yín sí. Ìpele méjì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀ ni méjèèjì, ẹlòmíràn náà sì lè mọ̀ ọ́n. (Nílẹ̀ wa, ta ni kò mọ ilé ìyá ẹni? Àwọn onílù tó ń kì wá níbi ìnáwó pàápàá mọ̀ ọ́n.) Ẹlẹ́rìí méjì tó jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, ẹyọ ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n.

Agbára ètò yìí wà nínú pé àwọn ẹ̀rí náà ò jọra: ohun tí a mọ̀, ohun tó wà níkàáwọ́ ẹni, àti ara ẹni fúnra rẹ̀. Ẹni tó jí ọ̀kan ò tíì rí èkejì jí. Ìyá tó ń gbowó nídìí ẹ̀rọ ATM ti ń lò ó tipẹ́: káàdì ń bẹ lọ́wọ́ wọn, PIN ń bẹ lórí wọn. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “ẹ̀rí oríṣi-méjì”. Bó bá ju méjì lọ, “ẹ̀rí onírúurú”. Ẹ wò ó nínú gbólóhùn: “Ẹ tan ẹ̀rí oríṣi-méjì sórí àkáǹtì yín.” Kò há ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ibi tó ti le ni orúkọ ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan. “Ẹ̀rí ọkàn” ìbá bá ohun tí a mọ̀ mu, ṣùgbọ́n ó ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ní kó fi ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ wọ Gmail á rò pé ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀. “Ẹ̀rí ọwọ́” fún fóònù náà ò dáa, ìtẹ̀ka ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ rò. Mo fi “ẹ̀rí ìmọ̀”, “ẹ̀rí ìní” àti “ẹ̀rí ara” sílẹ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju “ìní” lọ, kó mú un wá.

Ó wá kan àrokò. Ó dùn mọ́ mi, mi ò sì tàbùkù ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n àrokò ní ìtumọ̀. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀, ẹni tó gbà á á gbọ́ “ẹfà” nínú rẹ̀, á sì mọ̀ pé ọkàn ẹnìkan ń fà sí òun. Nọ́ńbà mẹ́fà ti báńkì ò sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni! Lẹ́yìn náà, èèyàn ló ń fi àrokò ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tó ń jáde lórí áàpù bíi Google Authenticator, ẹnikẹ́ni ò fi í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣètò áàpù náà, tí ẹ fi kámẹ́rà wo àmì QR tí ojú-ìwé gbé síwájú yín, ni ojú-ìwé náà àti áàpù yín ti jọ mọ àṣírí kan. Látìgbà náà, kálukú wọn ń fi àṣírí yẹn àti aago ṣe ìṣirò tirẹ̀, nọ́ńbà sì ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 30 síra wọn, bí ìlànà ìmọ̀ ẹ̀rọ ọdún 2011 tí wọ́n ń pè ní RFC 6238 ṣe là á sílẹ̀. Fóònù tí kò ní síìmù á gbé e jáde.

Ti SMS ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ ní tòótọ́, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Nọ́ńbà fóònù ni SMS ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yín ṣe “welcome back” sórí síìmù tirẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù ń lọ, fóònù yín á kàn dákẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Nínú ìlànà tí NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2017, wọ́n fi ààlà sí lílo SMS fún irú iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ orúkọ méjì: “kóòdù àfiránṣẹ́” fún ti SMS, “kóòdù aago” fún ti áàpù. Ẹ jọ̀wọ́, “tókìn” kọ́ o. Tókìn ti di ti iná mànàmáná, onínọ́ńbà 20, àwọn ará ilé á kàn sáré lọ tẹ̀ ẹ́ sí mítà.

Fún kóòdù tí Google ń fún èèyàn sílẹ̀ de ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, mẹ́wàá lápapọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, “kóòdù àfipamọ́” ti tó. Orí ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Kí ẹ tó dìbò fún “onípele”, ẹ ro ti passkey. Fóònù ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì, ìka tàbí ojú yín ló ń ṣí i. Ẹ gbé ìka lé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti wọlé, láìtẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ẹ̀rí ìní ti pé, ẹ̀rí ara ti pé. Ẹni tó bá ṣì di “onípele-púpọ̀” mú, kó fi ibi tí ìpele kejì wà hàn mí.