Ìdáhùn: "Apájẹrẹ" kọ́ o, ẹ dákun

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò.

Ọ̀gá wa láti Oǹdó ló gbé "apájẹrẹ" wá lánàá, nígbà tí a ń wá orúkọ Yorùbá fún àpá tó ń wú lẹ́yìn tí ọgbẹ́ ti jinná, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní kẹ́lọ́ìdì. Wọ́n ní àpá àti jẹjẹrẹ ni àwọn so pọ̀. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó yẹ kó wà lórí a àkọ́kọ́ ńkọ́? Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yìí, apá tó so mọ́ èjìká ni mo kà.

Jẹrẹ yẹn ló tilẹ̀ bí mi nínú jù. Kẹ́lọ́ìdì kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ràn. Awọ ara tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó ṣíwọ́. Kọ́lájìn, èròjà ara tó fi ń dí ojú ọgbẹ́, ń pọ̀ ṣáá. Alibert, oníṣègùn ará Faransé, ti ṣi ẹsẹ̀ gbé níbẹ̀ rí: cancroïde, ohun tó jọ jẹjẹrẹ, ló kọ́kọ́ pè é. Nígbà tó yá, ó pa á tì, ó mú orúkọ èékánná akàn ní èdè Gíríìkì, òun ló di kẹ́lọ́ìdì. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti sá kúrò níbẹ̀, àwa wá ń sáré lọ!

"Àpá arékọjá" ni tèmi. Àpá mìíràn lè ga, kó sì le, àmọ́ kò ní kúrò lójú ọgbẹ́, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ bó bá pẹ́. Eléyìí á ré kọjá ààlà ọgbẹ́, á máa yún ni, á máa dunni. Ibi tó sábà máa ń yọ sí ni etí tí wọ́n lu, àyà tí irorẹ́ yọ sí, èjìká, àgbọ̀n ẹni tó ń fárùngbọ̀n. Bí wọ́n bá kàn gé e láìfi ìtọ́jú mìíràn tì í, ó sábà máa ń hù padà. Ó ń bá ìdílé rìn pẹ̀lú. Ìyá mi àgbà ní Ìjọkà mọ èyí láìka ìwé: bí wọ́n bá rí i lára ìyá, wọn kì í fẹ́ lu etí ọmọ. "Àpá wọn máa ń wú," ni wọ́n á wí.

Mo mọ̀ pé pásítọ̀ wa yóò ní ti Bíbélì ni Ìrékọjá. Ṣé kí Bíbélì tó dé Àkúrẹ́, a kì í ré odò Àlà kọjá ni?

Ẹni tó sì ní kí a máa lo ọ̀rọ̀ náà kẹ́lọ́ìdì bẹ́ẹ̀ láìtúmọ̀ rẹ̀, kó kọ́kọ́ bá wa yan ohùn kan. Kélọ́ìdì ni àbí kẹ́lọ́ìdì? Méjèèjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ̀.