Ọbẹ̀ ẹran lílọ̀ fún sìpàgẹ́tì: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣọ́

Alásè Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kí oníkálukú wá sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ nípa sìpàgẹ́tì ọlọ́bẹ̀ ẹran. Èmi á mú ti ẹran, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́ kí tòmátì tó dé inú ìkòkò.

Bí ọbẹ̀ bá ń yọ̀ kúrò lára sìpàgẹ́tì, tó lọ dúró sí ìsàlẹ̀ àwo bí omi ẹ̀kọ tí kò dì, èròjà ni wọ́n máa ń bá wí. Wọ́n á tún ki kúùbù méjì sí i. Omi ló fà á. Omi wà nínú ẹran, ó wà nínú tòmátì, ó wà lára sìpàgẹ́tì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìgbà tí à ń lé e jáde.

Fún ẹni 5: sìpàgẹ́tì ọ̀rá kan (gíráàmù 500), ẹran màlúù lílọ̀ gíráàmù 500, àlùbọ́sà ńlá 2, karọ́ọ̀tì 1, ọmọ aáyù 3, tòmátì tútù kílò 1, tòmátì agolo kékeré onígíráàmù 70 kan, òróró ṣíbí ìjẹun 4, ewé laurier (bay leaf) 2, tíìmù díẹ̀, ata àti iyọ̀.

Ẹ má gba ẹran tí kò ní ọ̀rá rárá lọ́wọ́ alápatà. Bí a bá pín in sí márùn-ún, kí ìdá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á gbẹ bí iyanrìn. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹran, ẹ má gbé e lọ sí ẹ̀rọ ata, á di lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀. Ẹ kó o sí firísà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó le díẹ̀, kí ẹ rẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ, kí ẹ sì fi ọbẹ mímú gé e wẹ́wẹ́ títí á fi rí bí ẹyọ ẹ̀wà. Èmi gan-an fẹ́ràn èyí ju ti ẹ̀rọ lọ, nítorí ẹnu á mọ̀ pé ẹran ni òun ń jẹ.

Ìkòkò tó gbòòrò tí ìdí rẹ̀ nípọn ni kí ẹ lò. Ẹ jẹ́ kí òróró gbóná dáadáa, kí ẹ da ìdajì ẹran sí i, kí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 3. Etí ni kí ẹ fi ṣọ́ ọ. Bó bá ń dún ṣùùù, omi rẹ̀ ló ń hó, ẹran funfun bọ̀ọ̀rọ̀ lẹ ó rí. Bí ìró yẹn bá yí padà tó ń ta pàrà-pàrà, omi ti tán, dídín ti bẹ̀rẹ̀. Omi tó ń hó kì í gbóná ju 100 lọ ní ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ooru bá tó nǹkan bí 140 ni ẹran tó ń pọ́n, tí òórùn dídùn rẹ̀ ń jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ lé lẹ́ẹ̀kan, ìkòkò á tutù, omi á sì borí. Iyọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tó bá pọ́n tán, torí iyọ̀ a máa fa omi ẹran jáde.

Ìyá Kétu:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ku àlùbọ́sà àti tòmátì.

Ẹ kó ẹran pupa náà kúrò. Ẹ fi àlùbọ́sà àti karọ́ọ̀tì tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sínú òróró tó ṣẹ́ kù, lórí iná kékeré, fún ìṣẹ́jú 10. Kí àlùbọ́sà rọ̀ kó sì máa dán, kó má pọ́n. Ìṣẹ́jú kan péré ni ti aáyù, bó bá jóná á korò, kò sì sí ohun tó lè wẹ ìkorò yẹn kúrò. Lẹ́yìn náà ni tòmátì agolo. Ẹ din ín lórí òróró fún ìṣẹ́jú 3 sí 4 títí pupa rẹ̀ á fi ṣókùnkùn díẹ̀ bí àwọ̀ bíríkì, tí òróró á sì yọ létí rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi lé e kó tó dín, adùn agolo á wà nínú ọbẹ̀ yẹn títí dé òpin.

Tòmátì tútù ló kàn. Àwọn tó ní ìlà-ìlà lára, omi àti kíkan pọ̀ nínú wọn. Ẹ là wọ́n sí méjì, kí ẹ fún omi àti irúgbìn sínú asẹ́ kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Ẹ lè tọ́jú omi náà, ó wúlò bí ọbẹ̀ bá fẹ́ gbẹ jù. Bó bá ṣì kan, ṣúgà ìdajì ṣíbí kékeré ti tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi kán-ún pa kíkan náà. Òótọ́ ni pé ó ń pa á, ṣùgbọ́n bó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ọbẹ̀ á ní adùn ọṣẹ.

Ẹ da tòmátì lílọ̀ náà sínú ìkòkò, ẹ dá ẹran padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ewé laurier àti tíìmù, kí ẹ sì rẹ iná wálẹ̀. Lórí èédú, ẹ wa ìdajì èédú kúrò. Ìdérí kò gbọ́dọ̀ pa dé tán, kí ooru lè máa gbé omi lọ. Wákàtí kan ààbọ̀ ló yẹ ẹ́, kí ẹ máa ro ó kan ìdí ìkòkò. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó bí ẹ bá fi ṣíbí onígi fa ìlà ní ìdí ìkòkò, tí ìlà náà dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ọbẹ̀ tó padà bò ó. Bó bá jó nídìí, ẹ má họ ọ́ o! Ẹ yí ti òkè sínú ìkòkò mìíràn kíákíá.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́, Tàǹtí. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ní Bologna ní Ítálì, níbi tí irú ọbẹ̀ yìí ti wá, wọn kì í fi sìpàgẹ́tì jẹ ẹ́. Tagliatelle ni wọ́n ń lò, èyí tó fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 1982 ni ẹgbẹ́ Accademia Italiana della Cucina fi bí wọ́n ṣe ń sè é pamọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ oníṣòwò ìlú náà, wàrà mímu sì wà lára èròjà rẹ̀. Sìpàgẹ́tì rí roboto, ó ń yọ̀, kò rọrùn fún un láti gbé ẹran. Nítorí náà, ọbẹ̀ tiwa ní láti ki ju tiwọn lọ.

Ẹ wo ara ọ̀rá kí ẹ tó ra sìpàgẹ́tì. Bí wọ́n bá kọ « semoule de blé dur », àlìkámà líle ni, kì í tètè rọ̀. « Blé tendre », àlìkámà rírọ̀, a máa rọ̀ kíákíá, a sì máa lẹ̀.

Omi lítà 5 fún ọ̀rá kan, iyọ̀ gíráàmù 7 sí 10 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Kí omi hó kùtùkùtù kí ẹ tó kó o sí i. Ẹ má ṣẹ́ ẹ, ìdí rẹ̀ á rọ̀, ẹ ó sì ti ìyókù wọlé. Ìṣẹ́jú 2 àkọ́kọ́ ni kí ẹ rò ó dáadáa, ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ ń di lẹ́ẹ̀. Òróró inú omi ńkọ́? Orí omi ló máa léfòó sí, kò ní kó má lẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá sẹ́ ẹ ni yóò wá bo ara rẹ̀, ọbẹ̀ ò sì ní dì í mú. Fún sìpàgẹ́tì ẹlẹ́yin tí wọ́n ń tà ní kafeteríà, tí wọ́n ń sè sílẹ̀ láàárọ̀, òróró yẹ ẹ́, ṣùgbọ́n oúnjẹ mìíràn nìyẹn.

Ẹ sọ̀ ọ́ nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 2 sí iye tí wọ́n kọ sára ọ̀rá. Bí ẹ bá gé e jẹ, kí ẹ rí tóótó funfun kékeré láàárín rẹ̀. Kí ẹ tó sẹ́ ẹ, ẹ bu ife omi rẹ̀ kan pamọ́. Nínú gbogbo omi tí a ti sọ, òun nìkan ni a kì í lé, nítorí ìyẹ̀fun tó yọ́ sínú rẹ̀ ló ń so ọbẹ̀ àti òróró pọ̀. Ẹ má fi omi tútù ṣan sìpàgẹ́tì. Ẹ kó o sínú ọbẹ̀ lórí iná, ẹ bu omi yẹn díẹ̀díẹ̀ lé e, ẹ máa yí i fún ìṣẹ́jú 2 títí á fi máa dán.

Wàrà àwọn Fúlàní, tí àwọn kan ń pè ní wàgáṣì, dára lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í yọ́ bíi wàràkàṣì Ítálì, ẹ má wulẹ̀ rin ín. Ẹ gé e ní kéékèèké, ẹ din ín, kí ẹ wọ́n ọn lé e. Bí ẹ bá fẹ́ ewé, ẹ̀fínrín 3 tàbí 4 ti tó, ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sọ ọbẹ̀ ni kí ẹ fi sí i, torí ó lágbára.

Àbúrò Àjàṣẹ́:
Ẹ jọ̀wọ́, Tàǹtí, ṣé a lè sè é sílẹ̀ di ọ̀la?

Ìyá Kétu:
Ọbẹ̀ ni kí o sè sílẹ̀, àbúrò mi, má pò ó mọ́ sìpàgẹ́tì. Bù ú sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ọjọ́ 3 ló lè lò níbẹ̀. Sìpàgẹ́tì sísè tó sùn síta, dà á nù, má ronú pé gbígbóná á tún un ṣe. Kòkòrò àìfojúrí kan wà, Bacillus cereus, tí oró rẹ̀ kì í kú sínú ìgbóná. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún jẹ sìpàgẹ́tì tó ti wà síta fún ọjọ́ 5, ó sì gba ibẹ̀ kú. Bí iná mọ̀nàmọ́ná bá máa ń lọ pẹ́ ní àdúgbò yín, ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kó o sè.